Láti Agodi dé Washington: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọ̀gágun Olúwọlé Rótìmí, Gómìnà tó Di Aṣojú Nàìjíríà

Láàárín 1971 sí 1975, ọkùnrin kan jókòó ní Agodi, ibùjókòó ìjọba ní Ìbàdàn, ó ń pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀ tó ti di ìpínlẹ̀ márùn-ún lónìí. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé, wọ́n tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ máa ṣojú Nàìjíríà ní Washington. Iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó ṣe é, orúkọ rẹ̀ mọ́. Èkejì kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi pè é wálé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìbàdàn kò mọ ìtàn yìí rárá, àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n náà sì máa ń sọ apá kan, wọ́n á fi apá kan sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo lè dúró tì.

Ta ni Ọ̀gágun Rótìmí?

Ológun ni. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i. Òun ni gómìnà ológun fún Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù kẹrin 1971 títí di oṣù keje 1975, nígbà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń ṣe olórí ìjọba. Ọwọ́ Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ló ti gba ipò náà. Nígbà tí Umaru Musa Yar'Adua di ààrẹ ní 2007, wọ́n yan Rótìmí láti lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù kejì 2009 ni wọ́n pè é padà.

Mo gbọ́ pé ó ti kàwé gboyè kó tó wọ ṣọ́jà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílùú Ìbàdàn ló lọ, ìyẹn UI wa yìí kó tó di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Láyé ìgbà náà, àwọn òbí kò fi ojú tó dára wo iṣẹ́ ṣọ́jà. Ẹni tó bá gboyè ní UI, iṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì tàbí iṣẹ́ tíṣà ló ń dúró dè é, ilé àti mọ́tò sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn tó fi ìyẹn sílẹ̀ lọ wọ kákí kò ju kéréje lọ. Odumegwu Ojukwu wà lára wọn, Oxford ni òun ti gboyè. Emmanuel Ifeajuna àti Olúfẹ́mi Olútóyè wà níbẹ̀, UI ni àwọn ti jáde, Rótìmí náà sì wà níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà wọn ṣe yà: ẹnì kan di olórí Biafra, ẹnì kan wà lára àwọn tó ṣáájú ìdìtẹ̀ gbàjọba oṣù kìíní 1966, ẹnì kan jọba ní Ìdóàní, ẹnì kan sì di gómìnà ní Ìbàdàn níbi tó ti kàwé.

Báwo ni Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yẹn ṣe tóbi tó?

Ó tóbi gan-an. Ní oṣù karùn-ún 1967 ni Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ilẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì lónìí, ọwọ́ gómìnà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ní Adó-Èkìtì tàbí Ìkálẹ̀, Ìbàdàn ló ń gbé e wá. Yunifásítì Ifẹ̀ pàápàá, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ló ń sanwó rẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó gbà á ní 1975.

Ẹ rántí pé ìjọba ológun ni. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó lè ní kí gómìnà má ṣe é. Ohun tó bá ti fọwọ́ sí ti di òfin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa padà sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé Washington.

Kí ló bá nílẹ̀ nígbà tó dé Agodi?

Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970. Ṣáájú ìyẹn ni àwọn àgbẹ̀ ti dìde lórí owó orí, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà tí Táfà Adéoyè ṣáájú wọn. Ní 1969 wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ìjọba Adébáyọ̀ ló bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà, owó orí sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tálákà tó ti mọ agbára ara wọn.

Àsìkò tó kún fún àyípadà ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo mọ́tò kúrò ní ọwọ́ òsì, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, pọ́n-ùn àti ṣílè lọ, náírà àti kọ́bọ̀ dé, àwọn ìyá wa ní Ọjà'ba àti Dùgbẹ̀ sì ní láti tún owó kọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ka èèyàn ní ìkànìyàn tó dá ìjà sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí wọ́n fi wọ́gi lé èsì rẹ̀ níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ni owó Udoji wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan wọ́n lọ́jà, àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba sì ń kùn. Ọ̀pọ̀ àwọn nǹkan yìí, Èkó ni wọ́n ti pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gómìnà ni aráàlú ń dé sí.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n wádìí rẹ̀, wọn ò sì bá owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀?

Òótọ́ ni, ohun tó sì jẹ́ kí n máa kọ nípa ọkùnrin yìí nìyẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1975, Gowon wà ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala nígbà tí wọ́n gbàjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀gágun Murtala Muhammed gorí àga. Gbogbo gómìnà 12 ni wọ́n yọ. Ṣọ́jà, nefi àti ọlọ́pàá ni mọ́kànlá lára wọn. Ukpabi Asika nìkan ni kò wọ kákí, òun tó ti kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní UI. Murtala gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yẹ ohun ìní wọn wò: ilé tí wọ́n kọ́, ilẹ̀ tí wọ́n rà, owó tó wà ní báńkì, bóyá owó oṣù wọn tó rà á.

Nígbà tí ìwádìí parí, mẹ́wàá ló jẹ̀bi. Ìjọba gba ilé àti dúkìá lọ́wọ́ wọn. Méjì péré ni wọn ò rí nǹkan kan tọ́ka sí: Mobọ́lájí Johnson tó ṣe gómìnà Èkó, àti Olúwọlé Rótìmí tó ṣe gómìnà wa ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi wú mi lórí. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò ni. Iye owó epo lágbàáyé ti lọ sókè láti òpin 1973. Kò sí aṣòfin, kò sí ìbò, kò sí ẹni tó ń bi gómìnà pé kí ló ṣe sí owó. Ìpínlẹ̀ ńlá, ilẹ̀ Bódìjà àti Jẹ́ríkò wà níwájú rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló kù kó fọwọ́ sí. Ó sì jáde láìmú nǹkan lọ́wọ́. Àwọn tó bẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìjọba tó lé ọ̀gá rẹ̀ lọ ni. Nígbà tí irú wọn bá sọ pé ọwọ́ rẹ mọ́, a lè gbà á gbọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn mọ orúkọ yìí dáadáa ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n báyìí lọ.

Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, ní oṣù kejì 1976, ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ di mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó.

Báwo ni èèyàn ṣe ń di aṣojú Nàìjíríà?

Ààrẹ ló ń yan èèyàn. Abala 171 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ló fún un lágbára yẹn, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Abala yẹn kan náà ní kí ààrẹ wo ẹkùn gbogbo kó tó yàn, kó má jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá.

Tí ìyẹn bá parí, ọ̀nà ṣì kù. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ rán an lọ gbọ́dọ̀ gbà á. Wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, àwọn yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, Àdéhùn Vienna ti 1961, tó ń darí iṣẹ́ aṣojú láàárín orílẹ̀-èdè, kò fi dandan mú wọn láti sọ ìdí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ orúkọ ẹnì kan ní Abuja lónìí kí oṣù mélòó kan tó kọjá kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Tó bá débẹ̀, yóò gbé ìwé àṣẹ tí ààrẹ wa fọwọ́ sí lọ fún olórí orílẹ̀-èdè náà. Kó tó fi ìwé yẹn jíṣẹ́, kò tíì di aṣojú tán lójú wọn.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń mú ológun tàbí olóṣèlú nígbà tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí wà nílẹ̀?

Oríṣi aṣojú méjì la ní. Àwọn kan wọ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè látìgbà ọ̀dọ́, wọ́n ti ibi kékeré gòkè, wọ́n ti gbé ní ìlú mẹ́ta mẹ́rin. Àwọn kejì ni ààrẹ máa ń mú láti ìta: gómìnà àtijọ́, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀jọ̀gbọ́n, olóṣèlú.

Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n má mú ti ìta mọ́. Ẹni tó ti ṣe gómìnà mọ bí ìjọba ṣe ń rìn. Tó bá tẹ ààrẹ láago, wọ́n á gbé e. Àwọn àlejò náà máa ń fẹ́ bá ẹni tó lórúkọ sọ̀rọ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi ipò náà san ẹ̀san fún ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ ìbò, tí kò sì mọ ohunkóhun nípa ibi tó ń lọ. Ewu mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Gómìnà ti mọ́ ìpàṣẹ lára, pàápàá gómìnà ológun. Aṣojú sì jẹ́ ẹni tí wọ́n rán. Gbólóhùn tó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀, tẹni tó rán an ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ òfin rí, ó máa ń nira fún un láti gba lẹ́tà láti ọwọ́ ẹlòmíràn kó sì ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà".

Ṣé àwọn bàbá wa náà ní irú aṣojú báyìí?

Wọ́n ní. Aláàfin ní àwọn ìlàrí, tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí ti fọwọ́ kan Aláàfin. Ìbàdàn ní ajẹ́lẹ̀ ní àwọn ìlú tó ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ju ikọ̀ lọ, wọ́n ń gbówó òde, wọ́n sì ń ṣe ọ̀gá lórí onílùú. Ìwà ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bí ìbínú tó di ogun Kírìjì. Nígbà tí ogun yẹn sú gbogbo èèyàn, ikọ̀ ló parí rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ti ṣiṣẹ́ ní Àrẹ̀mọ ní Ìbàdàn níbí, àti àlùfáà Charles Phillips ni gómìnà Èkó rán lọ sáàárín àwọn ọmọ ogun, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Wọn ò mú ìbọn lọ. Sùúrù àti ètí tó ń gbọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Washington?

Ọ̀jọ̀gbọ́n George Obiozor ló wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Rótìmí dé pẹ̀lú orúkọ rere àti ọjọ́ orí tó lé ní àádọ́rin ọdún. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà ni Ojo Maduekwe, ọmọ Ohafia, ẹni tí wọ́n bí ní 1945. Mínísítà yìí ni ọ̀gá gbogbo aṣojú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ ń gbà lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìròyìn ń padà sí. Ẹni tí wọ́n bí ní 1935 wá ń jábọ̀ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù.

Àwọn méjèèjì kò rẹ́. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀ láàárín wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń le sí i. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé wọ inú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí ìwé ìjọba di ohun tí wọ́n ń kà níta ní Dùgbẹ̀. Ìjọba ní aṣojú kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, Ààrẹ Yar'Adua sì pè é wálé ní oṣù kejì 2009. Barack Obama kò tíì lo oṣù méjì lórí àga nígbà náà.

Ta ló jàre?

Ẹ̀yin tó bèèrè èyí fẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Màá sọ èrò mi.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tí àṣẹ mínísítà bá dà bí ìwọ̀sí lójú aṣojú, ọ̀nà wà tó lè gbà. Ó lè lọ bá ààrẹ ní kọ̀rọ̀. Ó lè gbé iṣẹ́ sílẹ̀ kó sì padà sílé pẹ̀lú ọlá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ ìwé tó le sí ẹni tó ń jábọ̀ fún, ìyẹn kò bá iṣẹ́ ikọ̀ mu, ó tiẹ̀ ya ni lẹ́nu láti ọwọ́ ológun, torí ta ló mọ ìtẹríba fún ipò ju ṣọ́jà lọ? Ní apá kejì, ìjọba náà mọ irú ẹni tí wọ́n rán. Ààrẹ ló yẹ kó pe àwọn méjèèjì jókòó kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ìta. Mínísítà kì í sì í fi ipò bá àgbà jà bí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rí pé Maduekwe mọ iyì iṣẹ́ aṣojú wà: ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ lọ ṣojú Nàìjíríà ní Kánádà. Ó kú ní 2016.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ti àwọn méjèèjì. Àga náà ṣófo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébọ̀wálé Adéfúyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí òun náà jáde ní UI, ló bọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 2010. Láàárín ìgbà yẹn, ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009, Umar Farouk Abdulmutallab gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Detroit. Ní oṣù kìíní 2010, Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí wọ́n máa tú ẹrù àti ara èèyàn wọn wò ju tàwọn yòókù lọ ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ wa tó ń kàwé, àwọn ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun, gbogbo wọn ló jìyà rẹ̀. Àkókò tí a nílò ohùn àgbà ní Washington jù lọ nìyẹn, a kò sì ní aṣojú gidi níbẹ̀. Mi ò sọ pé aṣojú kan ṣoṣo ì bá dá àṣẹ Amẹ́ríkà dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wọlé lọ sọ tẹnu wa, tí wọ́n á sì gbọ́, ó yẹ kó ti wà lórí àga. Nígbà tí àwọn ńlá bá ń jà lórí ẹni tó yẹ kó tẹrí ba, ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ló ń san owó rẹ̀.

Ìmúnítì gómìnà, ìyẹn ààbò tó ní lọ́wọ́ ẹjọ́, àti ti aṣojú, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Ti gómìnà wà ní abala 308 nínú ìwé òfin wa. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó lè pè é lẹ́jọ́ tàbí kí ọlọ́pàá mú un nígbà tó wà lórí àga. Ọjọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀, ó parí.

Ti aṣojú wá láti inú Àdéhùn Vienna. Orílẹ̀-èdè tó gbà á lálejò kò lè mú un, kò sì lè wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin ìlú tirẹ̀ ṣì de é: Nàìjíríà lè pè é wálé kó sì dáhùn ẹjọ́ níbí. Kò gbọdọ̀ ṣòwò èrè tara rẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá sí òṣèlú onílé. Tó bá ṣàṣejù, onílé lè ní kó máa lọ láìṣàlàyé kankan.

Àpótí ìjọba pàápàá ní ààbò, wọn kì í tú u. Àwọn àgbà á rántí ọ̀rọ̀ Umaru Dikko, mínísítà àtijọ́, ní 1984, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e sínú àpótí láti Ìlú Ọba wá sí Èkó. Wọn ò kọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sára àpótí náà gẹ́gẹ́ bí ẹrù ìjọba, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted lè ṣí i, tí wọ́n fi bá a láàyè.

Ṣé Rótìmí nìkan ni gómìnà wa tó ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Ó tì. Olóyè Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá, sọfíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀, ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti oṣù kìíní 1992 lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí aráàlú dìbò yàn lẹ́yìn tí Ọ̀ṣun ya kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991. Ọdún yẹn, SDP mú Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Oǹdó. Èkó nìkan ni NRC, ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, gbà nílẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín, tí Michael Ọ̀tẹ́dọlá fi wọlé. Ìjọba wọn kò pé ọdún méjì. Wọ́n fagi lé ìbò June 12 tí M.K.O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, Sani Abacha sì gbàjọba ní oṣù kọkànlá 1993, ó lé gbogbo gómìnà lọ sílé.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, wọ́n rán Ìṣọ̀lá lọ sí Namibia. Orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ Commonwealth bíi tiwa ni, nítorí náà Kọmíṣọ́nà Àgbà ni wọ́n ń pe ẹni tó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ aṣojú náà ni. Kì í ṣe ibi kékeré fún ọmọ Nàìjíríà. Kí Namibia tó gba òmìnira ní oṣù kẹta 1990, ìjọba wa ti ná owó àti ohùn sórí ìjà wọn. Ní 1976, wọ́n dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń jà ní gúúsù Áfíríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti akẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín sì dá sí i. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí Windhoek, olú-ìlú wọn, ilé ọ̀rẹ́ ló lọ. Ìṣọ̀lá kú ní oṣù kẹjọ 2011.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́, ṣé àwọn náà ń rán gómìnà wọn?

Wọ́n ń ṣe é. China nìkan, ẹ ka mẹ́ta: Jon Huntsman tó fi ipò gómìnà Utah sílẹ̀ ní 2009, Gary Locke tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Washington, àti Terry Branstad láti Iowa ní 2017. Huntsman gbọ́ èdè Mandarin kó tó lọ. Àwọn ará Iowa ń ta sóyà àti ẹlẹ́dẹ̀ fún China, Branstad sì ti mọ Xi Jinping, tó di ààrẹ China, láti 1985. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba wa kọ́ níbẹ̀ nìyẹn: kí ìdí tí wọ́n fi mú ẹnì kan lọ sí ibì kan hàn kedere.

Ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà. Kí ni ẹ́ḿbásì wa lè ṣe fún un?

Ọ́fíìsì wa wà ní Washington, a sì ní kọ́ńsúlẹ̀ẹ̀tì ní New York àti Atlanta. Ibẹ̀ ló ti lè gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, tàbí ìwé ìrìnnà pàjáwìrì tí tirẹ̀ bá sọnù.

Tí ọlọ́pàá bá mú un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn yìí kó tó kúrò nílé: "Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún kọ́ńsúlẹ̀ẹ̀tì orílẹ̀-èdè mi." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ó wà nínú Àdéhùn Vienna ti 1963, abala 36. Tó bá ti bèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún wọn láìjáfara. Òṣìṣẹ́ wa lè wá bẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè bá a wá lọ́yà, wọ́n lè fi tó yín létí. Wọn kò lè mú un jáde lẹ́wọ̀n, wọn kì í sì í sanwó lọ́yà. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ torí pé aṣojú yóò "bá wọn sọ̀rọ̀".

Níbo ni mo ti lè ka ìwé ìgbà Rótìmí fúnra mi ní Ìbàdàn?

Ilé ìkówèésí àpapọ̀ tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ pa mọ́ sí, National Archives, wà nínú ọgbà UI. Ẹ bèèrè gásẹ́ẹ̀tì Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láti 1971 dé 1975, ẹ ó rí àwọn òfin tí gómìnà fọwọ́ sí. Ilé ìkàwé Kenneth Dike wà nínú ọgbà yẹn kan náà, ẹ bèèrè àwọn ìwé ìròyìn ọdún wọ̀nyẹn níbẹ̀, ní pàtàkì *Tribune*, tó ti ń jáde ní Ìbàdàn láti 1949. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ sì tètè lọ ní àárọ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ ló ń lọ gbé ìwé náà wá fún yín.